Wọ́n ní ikọ́ ife ló wà láyà ọmọ náà, àṣé irun orí ẹ̀ ni!

Ní àdúgbò kan ní Mushin, nílùú Èkó, bàbá kan wà níbẹ̀ tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní Bàbá X-ray. Kì í ṣe orúkọ táwọn òbí ẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o, iṣẹ́ tó fi ọdún 35 ṣe ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1978 ló wọ ọsibítù, ọmọ iṣẹ́ tó ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn ni wọ́n gbà á sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì padà wá di ẹni tó ń ya fọ́tò egungun fúnra ẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2013. Títí dòní, àpò ńlá tí wọ́n ń kó fíìmù sí kì í wọ àdúgbò náà kí wọ́n má gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo nǹkan yìí. Kí ló funfun níbí yìí?"

Bàbá á na fíìmù náà sókè, á kọjú ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ojú wíńdò, á wò ó títí. Kì í sọ fún wọn pé àìsàn báyìí ló ń ṣe wọ́n, nítorí ó ní iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ìbéèrè ló máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n. "Kí lẹ wọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yà á? Kí ló wà lọ́rùn yín? Irun wo lẹ ṣe?" Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n dáadáa á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àgbà ti ń dé sí bàbá. Kí ni ti irun nínú ọ̀rọ̀ àyà dídùn? Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìtàn ẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ohun tójú ẹ̀ rí lọ́dún 1988 ló ń jẹ́ kó béèrè.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé èèyàn, ó yẹ kéèyàn mọ ohun tí X-ray jẹ́ ná. Bàbá fẹ́ràn kó máa sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Jámánì ni. Lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Wilhelm Röntgen wà nínú yàrá ìwádìí ẹ̀ nílùú Würzburg. Ó ń gba iná mànàmáná kọjá nínú túùbù onígíláàsì kan tí wọ́n ti fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde. Ó fi páálí dúdú bo túùbù náà pátápátá, ó jẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn, àfi bó ṣe rí i tí páálí mìíràn tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn ń tàn yòò lọ́ọ̀ọ́kán. Ìmọ́lẹ̀ ò lè jáde láti inú túùbù tí wọ́n ti bò. Kí ló wá ń jáde? Röntgen náà ò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi pè é ní X, lẹ́tà táwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń lò fún ohun tí wọn ò tíì mọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe Kérésì lọ́dún náà, lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, ni ọkùnrin yìí ní kí ìyàwó ẹ̀, Anna Bertha, gbé ọwọ́ ẹ̀ wá kóun fi ya fọ́tò. Egungun ìka obìnrin náà ló jáde, òrùka tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sì hàn ketekete. Nígbà tó di ọdún 1901, Röntgen ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì.

"Òrùka yẹn ni kẹ́ ẹ wò," Bàbá á ní. "Gbogbo ayé ń wo egungun. Òrùka lèmi ń wò. X-ray ò mọ èyí tó jẹ́ ara, kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ohun tó bá dúró lọ́nà ẹ̀ ló máa yà."

Òótọ́ ló sì sọ. Òjìji ni fíìmù X-ray. Bí èèyàn bá dúró síwájú iná, òjìji ẹ̀ á ba ara ògiri. Bí X-ray náà ṣe rí nìyẹn, àmọ́ pé òun lè gba inú ara kọjá. Egungun le, ó ń dí i lọ́nà, ìdí nìyẹn tó fi ń funfun lórí fíìmù. Ẹ̀dọ̀fóró, atẹ́gùn ló kún inú ẹ̀, X-ray ń gbabẹ̀ kọjá fàlàlà, ibẹ̀ á sì dúdú. Ẹran ara, ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Tí ibi tó yẹ kó dúdú bá wá funfun, dókítà á fura. Ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ ikọ́ ife, ó lè jẹ́ kókó. Ó sì tún lè jẹ́ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀ tó báwọn èèyàn ṣe rò. Nínú túùbù, wáyà tíńtín kan wà tí iná máa ń mú gbóná, bíi ti gílóòbù àtijọ́. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, iná alágbára á gbá ohun tó ń jáde lára wáyà yẹn mọ́ irin kan lódìkejì, ibi tó ti gbá a ni X-ray ti ń jáde. Nínú gbogbo agbára tó wọlé, ooru ló ń gba nǹkan bíi ìdá 99 nínú 100, ìdá 1 péré ló ń di X-ray. Ohun mẹ́ta lẹni tó ń yà á máa ń wò kó tó tẹ bọ́tìnnì: kílófóòtì, tó ń sọ bó ṣe máa wọnú ara tó, míllíáḿpù, tó ń sọ bó ṣe máa pọ̀ tó, àti àsìkò tó máa fi tàn. Èèyàn tó sanra àti èèyàn tó tín-ín-rín ò lè gba iye kan náà.

Tó bá jẹ́ fíìmù ni wọ́n ń lò, inú kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń wà. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì orin o, àpótí pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀ ni. Páálí méjì tí wọ́n ń pè ní sìkíríìnì ló wà nínú ẹ̀, fíìmù á sùn sáàárín wọn bí ẹyin tó wà nínú búrẹ́dì. Tí X-ray bá ba sìkíríìnì yìí, á tan ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí X-ray tó máa wọ ara aláìsàn lè kéré ni. Fún ibi tára bá ti nípọn, bí ìdí àti ikùn, wọ́n tún máa ń fi nǹkan kan tí wọ́n to òjé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí ṣáájú kásẹ́ẹ̀tì, kó lè gba X-ray tó bá ṣáko lọ dúró, kí àwòrán má baà ṣú. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Gustav Bucky, ló gbé e jáde lọ́dún 1913. Lẹ́tà kékeré tí wọ́n fi òjé ṣe náà wà, L fún apá òsì, R fún apá ọ̀tún. Bí wọ́n bá gbàgbé lẹ́tà yìí tàbí tí wọ́n gbé e síbi tí ò yẹ, ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n lè lọ máa tọ́jú.

Ṣùgbọ́n ibi tí Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ni yàrá òkùnkùn tí wọ́n ń pè ní dáàkìrúùmù. Fíìmù tí wọ́n ti yà ò ní nǹkan kan lójú. Funfun ò sí níbẹ̀, dúdú ò sí níbẹ̀. Àwòrán ti wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́, inú òkùnkùn yìí ni wọ́n á ti pè é jáde. Gílóòbù pupa kékeré kan ló ń tàn níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àìmọ̀ ṣílẹ̀kùn, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Apá kan yàrá náà gbọ́dọ̀ gbẹ, apá kan ló lómi. Lápá tó gbẹ ni wọ́n ti ń yọ fíìmù kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á fi í kọ́ sí háńgà. Lápá tó lómi, táǹkì tò síbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni dìfẹ́lọ́pà. Èròjà fàdákà ló wà lára fíìmù, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á ni dìfẹ́lọ́pà á sọ di dúdú. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á rì í bọ omi fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá kì í bọ fíkísà, òun ló ń wẹ gbogbo èròjà tí ìmọ́lẹ̀ ò bà kúrò, kí àwòrán má baà yí padà mọ́. Wọ́n á tún wá fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó sá a. Tí wọn ò bá fọ fíkísà kúrò dáadáa, fíìmù náà á máa pọ́n lọ́jọ́ iwájú, bí ìwé àtijọ́.

Ooru Èkó lọ̀tá wọn. Ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 ni fíìmù ń lò nínú dìfẹ́lọ́pà. Tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ tètè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán á ṣú. Yìnyín tí wọ́n fi ń ta ẹja ni wọ́n máa ń rà, wọ́n á kó o sínú omi tó yí táǹkì ká. Ọ̀gá tó kọ́ Bàbá níṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n fi ojú wọn ìṣẹ́jú. Aago ló ń lò. Á ní: "Má kánjú. Bó o bá kánjú níbí, ẹni tó wà níta ló máa jìyà ẹ̀."

Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ yẹn wá ṣẹ. Bàbá jẹ́ ọmọ 30 ọdún nígbà náà, ó ti kúrò lẹ́ni tó ń fọ fíìmù, òun fúnra ẹ̀ ló ń yà á. Ilé iṣẹ́ kan kó àwọn èèyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wá sí ọsibítù, kí wọ́n ya àyà wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n lé ní 40. Àárọ̀ ni wọ́n ti dé, ṣùgbọ́n kò síná títí di aago 11. Bíná ṣe dé, gbogbo wọn fò dìde, ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má tún lọ. Bàbá náà ń sáré. "Bọ́ṣọ, wọlé, gbé àgbọ̀n sókè, mú èjìká wá síwájú, fà á símú, dá a dúró!" Ó tẹ̀ ẹ́. "Ó tán, ẹlòmíràn!"

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, kò ju ọmọ ọdún 22 lọ. Ó di irun ẹ̀ mọ́ àtọwọ́dá tó gùn, ó fi rọ́bà de ìdí ẹ̀, irun náà sì wọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn èjìká òsì. Tí wọ́n bá ń ya àyà, kásẹ́ẹ̀tì lèèyàn máa ń kọ àyà sí, ẹ̀yìn ni túùbù máa ń wà, kí ọkàn má baà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lórí fíìmù. Irun yẹn ti dúró sójú ọ̀nà nìyẹn. Ó yẹ kí Bàbá ní kó ká a sókè. Kò sọ ọ́. Nínú dáàkìrúùmù, wọn ò fọ fíìmù náà tó bó ṣe yẹ. Bàbá náà ò sì gbé e sórí àpótí iná kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tí fíìmù dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń wò wọ́n, ó rí funfun kan lókè ẹ̀dọ̀fóró òsì. Òkè ẹ̀dọ̀fóró gan-an sì nibi tí ikọ́ ife fẹ́ràn jù. Ó kọ ọ́ síwèé pé kí wọ́n lọ wádìí ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní kí ọmọ náà dúró sílé ná. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kò tíì tán, nítorí funfun ṣì wà lórí fíìmù. Nílé, ìyá ẹ̀ ya kọ́ọ̀bù àti abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀. Àbúrò ẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan kó lọ sí pálọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ ẹnu àwọn ayálégbé tí wọ́n jọ ń gbé, tó bá ti wọ kíṣìnnì, àwọn tó kù á rọra jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé fíìmù náà padà wá, kò lọ bá dókítà, ẹnu ọ̀nà yàrá X-ray ló dúró sí.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ yà á. Ṣé mo máa kú ni?"

Bàbá gbé fíìmù náà sórí àpótí iná. Ó ní bóun ṣe wò ó báyìí ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lára òun. Funfun náà kò dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó gba orí egungun tó dábùú láàárín ọrùn àti èjìká kọjá, ó sì gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí okùn. Ikọ́ ife tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde kó máa gun ọrùn lọ. Ó yíjú wo ọmọ náà, orí ẹ̀ ti wà ní gígẹ̀ báyìí.

"Àbúrò mi, irun wo lo ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

Wọ́n tún un yà. Funfun ò sí mọ́. Àyà ẹ̀ mọ́ bí omi òjò. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún títí, kò bú ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan nínú ọ̀gá sọ fún Bàbá pé kó fi fíìmù tuntun ránṣẹ́, kó má da ara ẹ̀ láàmú, ta ló máa mọ̀? Kò gbà. Ó kọ ọ́ síwèé, ó fọwọ́ sí i, pé òun lòun yà á lọ́jọ́ kìíní, òun ò ní kó ká irun sókè, àṣìṣe òun ni. Ilé iṣẹ́ yẹn gba ìwé náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò ọmọ náà. Oṣù mẹ́rin ló lò nílé kí àyè mìíràn tó ṣí sílẹ̀. Bàbá ní oṣù mẹ́rin yẹn lohun tóun ò lè tún yà.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi X-ray ẹ̀ẹ̀mejì gba inú ara tó yẹ kí wọ́n gba inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni pé X-ray àyà kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó dẹ́rù bani. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í tó 0.1 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní millisievert, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó ń ti inú ilẹ̀, òkúta, oúnjẹ àti ojú ọ̀run wá bá èèyàn jẹ́ nǹkan bíi 2.4 lọ́dún, tá a bá pín in dọ́gba káàkiri ayé. Kì í sì í dúró sínú ara, bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn gba èyí tí kò ní láárí, bó ti wù kó kéré tó. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ náà ò mọ èyí. Clarence Dally, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń dán X-ray wò. Jẹjẹrẹ mú ọwọ́ náà, wọ́n gé e títí, ó sì kú lọ́dún 1904. Edison fúnra ẹ̀ sá fún iṣẹ́ X-ray. Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó ń yà á fi ń sá sẹ́yìn ògiri, tó sì ń wọ ẹ̀wù òjé. Ẹ̀ẹ̀kan ni ti aláìsàn, àìmọye ìgbà ni tiẹ̀ lójúmọ́.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọsibítù ti ti dáàkìrúùmù pa. Láti ọdún 1983 tí ilé iṣẹ́ Fuji ti orílẹ̀-èdè Japan ti gbé ẹ̀rọ tiwọn wá sọ́jà, kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò fíìmù díẹ̀díẹ̀. Kò sí dìfẹ́lọ́pà, kò sí yìnyín ẹja, àwòrán á jáde kíá. Inú Bàbá dùn sí i, àmọ́ ó ní kí wọ́n má sinmi jù. Tí X-ray bá pọ̀ jù lórí fíìmù, fíìmù á dúdú bí èédú, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ẹni tó yà á ṣàṣejù. Kọ̀ǹpútà ń bo àṣírí. Á tún àwòrán ṣe, á dán, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ara aláìsàn ti gba ju ohun tó yẹ lọ, àfi ẹni tó bá wo iye tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Irun dídì náà ṣì ń hàn nínú kọ̀ǹpútà, bó ṣe ń hàn lórí fíìmù.

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kọ́ àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n má kàn lọ dúró bí ère. Kí wọ́n ká irun sókè, kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí, kọ́ọ̀mù àti kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ní irin. Kí obìnrin tó bá lóyún, tàbí tó ń fura pé oyún wà, sọ ọ́ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Kí wọ́n di èémí mú nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n dì í mú. Kí wọ́n tọ́jú fíìmù àtijọ́, kí wọ́n gbé e dání nígbà tí wọ́n bá tún ń lọ, bóyá kò ní sí ìdí láti ya òmíràn. Bí wọ́n bá sì ní nǹkan kan funfun, kí wọ́n fi sùúrù béèrè bóyá inú ara ló wà lóòótọ́. Kì í ṣe ìwọ̀sí sí dókítà. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń ra fíìmù àtijọ́ máa ń dé ọ̀dọ̀ Bàbá, nítorí fàdákà ṣì wà lára ẹ̀ tí wọ́n lè yọ. Ó ti ta ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kó jọ. Ọ̀kan ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tí kò tà, iyekíye tí wọ́n bá pè é. Ojú ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí wọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, wọ́n ń kánjú nítorí iná. Tó bá nà án sójú wíńdò, ẹ̀dọ̀fóró ọmọdébìnrin kan ló wà níbẹ̀, méjèèjì mọ́, kò ní àbùkù kankan. Funfun kan sì gba ọrùn wá, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí okùn.